Ọgbà Màlúù Orí Tábìlì

Rélùwéè ìṣeré tó wà nínú yàrá ẹ̀yìn kò gùn ju tábìlì ìjẹun méjì lọ, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí Bàbá Onírélùwéè gbọ́ pé ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Lójú tirẹ̀, odidi ìlú ni. Ọkọ̀ ojú irin tí kò tóbi ju ìka ọwọ́ lọ ń sáré yípo níbẹ̀, òkè wà, ibùdókọ̀ wà. Ó ku ọgbà tí ọkọ̀ yóò ti máa kó màlúù. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ìlú yìí nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, kí ikú tó mú ìyàwó lọ.

Bàbá kò sunkún. Kì í ṣe pé ó ń ṣe ọkùnrin. Ẹkún náà ni kò wá. Wọ́n sin ìyàwó rẹ̀, ó dúró wò wọ́n. Wọ́n bá a kẹ́dùn, ó dúpẹ́. Kò kàn mọ nǹkan kan lára ni.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ìlú mìíràn, kò fẹ́ kó máa dá gbé, ó fẹ́ kó wá bá òun gbé. Ó ní bàbá ti ń gbàgbé nǹkan jù. Bàbá ní irọ́ ni, ilé òun lòun máa wà. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí lórí fóònù, ni ọmọ bá ní ó dáa, bí bàbá bá lè dá parí ọgbà màlúù náà kí òun tó dé, òun á fi í lọ́rùn sílẹ̀.

Ni bàbá bá gbájú mọ́ iṣẹ́. Ó ń fi abẹ gé igi tí kò nípọn ju igi ìṣáná lọ, ó ń fi rúlà wọ̀n ọ́n, ó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ó ṣe ọgbà yíká, ó pín in sí yàrá yàrá, ó gbé pákó kan dàgẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin kí ẹran lè gùn ún wọ ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ló fi ẹ̀mú gbé àwọn màlúù tí ìyàwó rẹ̀ ti kùn sílẹ̀, ó ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀ láti òkè sínú ọgbà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan dùbúlẹ̀, ó di ojú, torí ìyàwó ní kò sí agbo màlúù tí ọ̀lẹ kì í wà. Bàbá kò rẹ́rìn-ín sí i. Iṣẹ́ náà kò dùn mọ́ ọn, kò sì sú u.

Nọ́ọ̀sì dé lọ́sàn-án. Ó yẹ ilé ìdáná wò, ó yẹ yàrá wò, kò rí ẹ̀sùn kà sí i lẹ́sẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sórí tábìlì, ó wo ọgbà màlúù. Ó ń yìn ín, ó ń yìn ín, ó wá fi ìka tọ etí ọgbà náà yíká.

"Bàbá mi, ibo làwọn màlúù yìí máa gbà jáde?"

Bàbá wò ó. Igi yí ọgbà náà ká láìsí àlàfo. Yàrá kan kò já sí èkejì. Pákó náà dá dúró síta, kò sí ẹran tó lè débẹ̀. Ẹni tó ń ti òkè kó màlúù wọlé kò nílò ilẹ̀kùn, ìdí nìyẹn tí kò fi fura.

"Ìyá ẹ ló máa ń ṣe ilẹ̀kùn," ló sọ.

Ọmọ náà lè sọ pé òun kúkú ti wí bẹ́ẹ̀. Kò sọ ọ́. Ó fa àga, ó jókòó tì í, ó ní kí bàbá kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń ṣe é, àwọn á jọ ṣe é.

Bàbá gbé abẹ, ó mú igi kan, ó tún dá wọn padà. Lójoojúmọ́ ni òun àti ìyàwó rẹ̀ máa ń jókòó sídìí tábìlì yìí tẹ́lẹ̀, tí apá ń kan apá. Òun a tẹjú mọ́ igi tirẹ̀. Ìyàwó a na ilẹ̀kùn sí i, òun a gbà á láìgbójú sókè, a lẹ̀ ẹ́ mọ́gi.

"Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe," ló sọ. "Ọmọ mi, mi ò wò ó rí."

Ìgbà yẹn ni ẹkún tó wá dé, ó sì dùn ún dé eegun. Ọmọ rẹ̀ dì í mú. Nígbà tí ohùn bàbá tún jáde, òun fúnra rẹ̀ ló ní òun á bá ọmọ òun lọ sílé rẹ̀.