Eérú Ọ̀gbẹ́ni Earl

Láti ìgbà tí iléeṣẹ́ epo ti dá Tàjùdíìnì dúró lẹ́nu iṣẹ́ ní 1986, ó ń tu ọkọ̀ fún àwọn oníbàárà tó ń pẹja nítòsí adágún omi Clear Lake nílùú òyìnbó, pẹ̀lú ìwọ̀ tí wọ́n fi ìyẹ́ ẹyẹ wé kó lè jọ kòkòrò. Earl, òyìnbó àgbà tó kọ́ ọ níṣẹ́ náà, ti kú báyìí. Wọ́n sun òkú rẹ̀, àwọn atukọ̀ ẹgbẹ́ wọn sì pàdé lójú omi.

Ìyàwó Earl gbé ike eérú náà lé Tàjùdíìnì lọ́wọ́. “Kó tó kú, ó ní ìwọ ni kó bá òun dà á sómi.”

Mùsùlùmí kì í sun òkú. Tàjùdíìnì rò pé ara òun máa kọ̀ ọ́, tàbí pé òun máa bú sẹ́kún, ṣùgbọ́n kò mọ nǹkan kan lára. Ó rọra dà á. Àwọn yòókù ṣí fìlà. Òun ń wo ibi tí ẹja ti ń ru omi, bí ìgbà tí oníbàárà wà nínú ọkọ̀.

Nílé, Hàwáù ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ wá.

“Ṣé ẹ sunkún?”

“Rárá.”

“Ẹ̀yin àti Earl sì mọwọ́ ara yín.”

“A mọwọ́ ara wa dáadáa.”

Tàjùdíìnì fọwọ́, ó sì jẹun tán.