Alhaja Lọ Ná Íńtánẹ́ẹ̀tì

Nílé Mardiyah, Alhaja, ìyá rẹ̀, ló ń bá wọn ná gbogbo ọjà, ì báà ṣe ọkọ̀, ì báà ṣe ilẹ̀. Ta ni yóò wá yà lẹ́nu nígbà tí Alhaja wé gèlè, tó ní òun ń bá a lọ sí Apákùn lọ ná íńtánẹ́ẹ̀tì?

Mardiyah ló ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì fáwọn ilé kan ní Ire-Akari, ọwọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá kan ló sì ti ń rà á. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbé e gbà ti dí, ìpè fídíò ń já, àwọn oníbàárà sì ti ní àwọn máa kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ tí kò bá dáa kílẹ̀ tó ṣú. Ọ̀nà míì tó dáa wà. Ilé-iṣẹ́ náà lè jẹ́ kó máa yan ọ̀nà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní owó ẹ̀ yàtọ̀, oṣooṣù sì ni.

"Ọmọ mi, ṣé ẹ máa ra ẹ̀rọ tuntun torí ẹ̀ ni?" Alhaja bi Abdulmajeed tó ń bá ilé-iṣẹ́ náà tajà ní ọ́fíìsì wọn l'Apákùn.

"Rárá, mà. Ó ti wà nínú èyí tá a ní. A kàn máa ṣí i fún yín ni."

"Ẹ la ọ̀nà tán, ẹ fi igi dábùú ẹ̀, ẹ wá ní ká sanwó igi."

"Tẹ́ ẹ bá ṣi ọ̀nà yàn, mà, nẹ́tíwọ̀kì àwọn ẹlòmíì lè lọ. A gbọ́dọ̀ lẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn mọ́gbọ́n wá, Mardiyah mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Alhaja ti dìde, bó ṣe máa ń ṣe lọ́jà kí wọ́n lè pè é padà. Wọ́n rọra sọ̀ kalẹ̀, wọ́n dé géètì, kò sẹ́ni tó pè wọ́n. Ọmọ ọ́fíìsì ni Abdulmajeed. Lójú tiẹ̀, oníbàárà tó jáde ti lọ nìyẹn.

Alhaja kọjú sí títì, ó ń tún gèlè tí kò yẹ̀ ṣe.

"Màámi, mo gbàgbé fóònù mi sókè," ni Mardiyah wí, fóònù sì wà nínú báàgì rẹ̀.

Nígbà tó padà dé ọ̀dọ̀ Abdulmajeed, kò ná an bíi ti Alhaja. "Ẹ̀gbọ́n, mi ò fẹ́ pàdánù àwọn oníbàárà mi. Mi ò ní sanwó torí pé ẹ ṣílẹ̀kùn, àmọ́ iṣẹ́ tẹ́ ẹ bá ṣe lórí ẹ̀, màá san án."

Abdulmajeed pe ọ̀gá rẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀. "Ó ní ká kọ́ yín dáadáa, kẹ́ ẹ san owó ẹ̀kọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ jókòó ká jọ yan ọ̀nà tòní."

Kò pẹ́ tí Fawziyyah, oníbàárà kan ní Ire-Akari, fi pè é lórí fídíò, ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Inú Mardiyah dùn dé ibi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Alhaja ṣì wà ní géètì nígbà tí Mardiyah sọ̀ kalẹ̀. Kò wẹ̀yìn. "Ṣé ó pè wá?"

"Ó pè wá, Màámi. Ó tiẹ̀ bẹ̀ wá."

"Mo mọ̀ pé ó máa pè wá. Ó yá, jẹ́ ká lọ gba èènì," ni Alhaja wí, ó sì ti ń gun àtẹ̀gùn kí Mardiyah tó rí ọwọ́ rẹ̀ dì mú.