Ọkọ̀ Tí Kò Dún

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tí kò dún, ẹ má tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n èyí, ẹ gbà á lẹ́nu mi.

Sàídì ni mò ń jẹ́. Mẹkáníìkì ni mí ní Ẹdẹ níbí, lójú ọ̀nà Awo. Èmi àti Ògúnṣọlá la jọ ni ṣọ́ọ̀bù, ó ti pé ọdún méjìlélógún. Ọkọ̀ pẹtiróò ni tèmi, dísù ni tirẹ̀. Etí la fi ń ṣiṣẹ́. Bí ọkọ̀ bá dún, a mọ ohun tó ń ṣe é. Bí kò bá dún, ó ti kú nìyẹn, a ó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí àwọn ọ̀gá wa ṣe kọ́ wa nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, Abdulmujeeb, olùkọ́ kan ní Pólì, gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá. Omi ń jò níwájú rẹ̀. Háíbírìdì ni wọ́n ń pè é: ẹ́ńjìnnì pẹtiróò wà nínú rẹ̀, bátìrì ńlá kan sì tún wà lẹ́yìn. Bí ọ̀kan bá ń wa ọkọ̀, èkejì lè máa sinmi.

Abdulmujeeb ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá, epo tí mo fi ń lọ Òṣogbo lẹ́ẹ̀kan tẹ́lẹ̀, ó ń gbé mi lọ lẹ́ẹ̀mejì báyìí. Ẹ sì mọ iye tí wọ́n ń ta epo."

Ògúnṣọlá bú sẹ́rìn-ín. "Ọjọ́ tí bátìrì yẹn bá kú ńkọ́, tíṣà? Ta ló máa jí i ní Ẹdẹ? Dísù tèmi, bó bá ń húkọ́, ẹ ó gbọ́ ọ láti ọjà. Ẹ wá lọ ra ọkọ̀ tó ń rìn bí olè!"

"Èéfín dísù ló ti wọ̀ yín lágbárí, ọ̀gá."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi ò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Àmọ́ mò ń wò ó pé irú ọkọ̀ yẹn ti ń pọ̀ nígboro, iṣẹ́ tèmi sì ń dínkù. Nígbà tí tíṣà wá bi mí pé, "Ọ̀gá Sàídì, ṣé ẹ mọ èyí tún ṣe?" mo ní mo mọ̀ ọ́n. Mi ò mọ̀ ọ́n. Mi ò tíì jókòó sínú ọ̀kan rí.

Ó lọ kí ìrun ọ̀sán. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Mo jókòó sídìí ọkọ̀, mo tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tan án. Kò dún. Ògúnṣọlá ti bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì láti bá mi wá ibi tí omi ti ń jò.

"Sàídì, ṣé o ti pa á?"

Iná kékeré kan tàn níwájú mi, ó rí bí àwọ̀ ewé. Mo rí i. Wallahi, mo rí i. Mi ò mọ ohun tó ń wí, ojú sì tì mí láti béèrè.

"Mo ti pa á," ni mo wí.

Ó tọwọ́ bọ ìdí bẹ́líìtì. Kò pẹ́, ẹ́ńjìnnì jí fúnra rẹ̀. Ògúnṣọlá ké. Ìka méjì ló lọ, lọ́wọ́ ọ̀tún.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Bàbá Àtàndá, alága ẹgbẹ́ wa, pè wá jọ sí ṣọ́ọ̀bù. Àkànkẹ́, ìyàwó Ògúnṣọlá, wà níbẹ̀. Abdulmujeeb náà wà níbẹ̀, ó ń làágùn, torí òun ni wọ́n ń dá lẹ́bi pé ó fi ọkọ̀ sílẹ̀ láìpa á.

"Mo pa á kí n tó lọ kírun," ló ń wí. "Ẹ̀yin bàbá, mo pa á!"

Àkànkẹ́ ní, "Ṣé àǹjọ̀nnú ló wá tan án ni?"

Bàbá Àtàndá gbé sípánà kan sórí bẹ́ǹṣì. Nínú ẹgbẹ́ wa, ìmàle ni o, onígbàgbọ́ ni o, bí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀, ahọ́n la fi ń kan irin, ká tó búra. Bí mo bá fi kàn án, irọ́ ni màá pa sórí irin. Bí mi ò bá sì kàn án, wọ́n á mọ̀.

"Sàídì ló máa kọ́kọ́ ṣe é," ni Bàbá wí. "Ṣùgbọ́n Ògúnṣọlá, kó o tó tọwọ́ bọ̀ ọ́, ǹjẹ́ o béèrè lọ́wọ́ ẹ̀?"

Ògúnṣọlá wò mí. Ó pẹ́ kó tó gbójú kúrò lára mi. Ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì wé wà lórí itan rẹ̀.

"Ọkọ̀ náà ò dún, Bàbá."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́. Kí ni Sàídì wí?"

Àkànkẹ́ kọjú sí ọkọ rẹ̀, ó ní, "Bàbá Ifátọ́lá, ẹ sọ̀rọ̀ kẹ̀! Ìka tiyín ló lọ!"

Ògúnṣọlá na ọwọ́ òsì, ó mú sípánà náà kúrò lórí bẹ́ǹṣì, ó tì í bọ àpò. Ó dìde.

"Ẹ jẹ́ kí tíṣà máa lọ ilé ẹ̀. Kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Èmi ò ní sọ nǹkan kan mọ́."