Ọjọ́ Orí Akínbọ̀wálé

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni ọmọ mi, Akínbọ̀wálé, fi gbá wíńgì òsì fún àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kéékèèké. Oǹdó ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gba Ọ̀wọ̀ kọjá, ó wá fìdí kalẹ̀ sí Àkúrẹ́. Kò gbá líìgì ńlá rí. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kan pé kó wá dán ara wò. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Wọn ò pè é mọ́.

Nígbà tó pé ọmọ ogún ọdún, àwọn olórí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ká dín ọjọ́ orí rẹ̀ kù kó lè bá àwọn ọmọdé díje. Gbogbo ènìyàn ló ń ṣe é. Mo mú un lọ sí kọ́ọ̀tù ní Oǹdó, mo gbé Bíbélì, mo búra pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Akọ̀wé kọ́ọ̀tù wo irùngbọ̀n rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó lu òǹtẹ̀.

Ó ti di mẹ́tàdínlógójì báyìí. Orúnkún rẹ̀ ń wú. Moríyọ̀, ìyàwó rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ló fi ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Bí ó bá ń sáré, àwọn tí wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù á ní, "Bàbá, ẹ rọra o, ilẹ̀ ò sá lọ."

Ẹgbẹ́ wọn ń wá ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Iṣẹ́ tó ń fẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọn kì í gba ẹni tí kò bá tí ì pé ọdún márùndínlógójì, ìwé sì ní mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Wọ́n ní kó ṣì máa sáré.

Mo wọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́. Èmi àti ọmọ mi jọ wọ ọ́fíìsì Ọ̀gbẹ́ni Johnson, akọ̀wé ẹgbẹ́ náà, mo sì sọ òótọ́ fún un. Ó ti ilẹ̀kùn.

"Bàbá, gbogbo wa la mọ̀. Ẹ jẹ́ kó fara dà á fún ọdún mẹ́rin."

Ó ní bí mo bá kọ òótọ́ náà sínú ìwé, líìgì yóò lé Akínbọ̀wálé. Kò ní í gbá bọ́ọ̀lù mọ́, kò sì ní í kọ́ ẹnikẹ́ni. Ó gbé ìwé àti bírò síwájú mi.

Mo wo ọmọ mi. Ó ń wo ilẹ̀.

"Ẹ kọ ọ́, Bàbá. Ó ti rẹ̀ mí."

Mo kọ ọ́.

Ó sìn mí dé ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ Oǹdó. Ó ń tiro láàárín ọjà, kò sì fi í pamọ́.