Àkàbà Ẹranko Oníkùn-Méje

Ẹ má wò ó pé ìwé mẹ́fà péré ni mo kà tí mo fi sá. Nínú ṣọ́ọ̀bù àǹtí mi tó ń ránṣọ, lọ́sàn-án gbogbo Sọ́ńdè, èmi ni ọ̀gá. Èmi ni mo ni ìlú, èmi ni mo ni òjò, èmi ni mo ni gbogbo ewúrẹ́ tó ń sọ̀rọ̀. Eré tá à ń ṣe ò le rárá. Èmi á máa sọ ìtàn, àwọn yòókù á jẹ́ èèyàn inú ìtàn náà, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, a óò ju dáìsì, dáìsì á wá sọ bóyá ó ṣeé ṣe tàbí wọ́n máa fimú gbálẹ̀.

Mẹ́ta ni wọ́n. Àǹtí mi, àbúrò màmá mi, òun ni onídán. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, nọ́ọ̀sì tí kì í bu ṣúgà ẹlòmíì láìtọrọ, òun ni olè. Bọ̀dá Káfíńtà, tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ fara ti tiwa, òun ni jagunjagun tó ń fi ọmọrí ìkòkò ṣe apata. Bọ̀dá yìí náà ló figi gbẹ́ dáìsì olójú ogún wa. Ẹ̀gbẹ́ kan wúwo díẹ̀, kò sì wí ogún rí látìgbà tá a ti bí i. Ó tún kan àkàbà kéékèèké mẹ́ta mọ́ ògiri, ìpele mẹ́wàá-mẹ́wàá. Bọ́tìnì lèèyàn kọ̀ọ̀kan. Tó o bá ṣe gudugudu méje nínú ìtàn, bọ́tìnì ẹ á gun ìpele kan, agbára ẹ á lé sí i, wàá sì máa fi iye ìpele tó o wà kún ohun tí dáìsì bá wí.

Oṣù mẹ́jọ la ti ń ṣeré. Ìpele kejì ni gbogbo wọn wà.

Ẹ̀bi mi ni. Ẹranko Oníkùn-Méje, tó ń gbé ìsàlẹ̀ kànga gbígbẹ, òun ni òpin ìtàn. Ẹ̀rù wá ń bà mí pé tí wọ́n bá tètè gòkè, wọ́n á pa á, ìtàn á tán, kálukú á gbalé ẹ̀ lọ. Ni mo bá ń dá wọn dúró. Wọ́n ṣí àpótí ìṣúra, ewúrẹ́ ló wà níbẹ̀, ó ní kí wọ́n pa á dé, òtútù ń mú òun. Wọ́n fẹ́ sọdá odò, odò ní wọn ò kí òun, ó gbé wọn padà sílé.

Àfìgbà tó di Sọ́ńdè kan, Bọ̀dá Káfíńtà yọ pẹ́ńsùlù tó wà létí ẹ̀, ó fi lé orí tábìlì.

"Mo ti ríṣẹ́ o. Ibi tó jìnnà ni, wọ́n ń ṣe ilẹ̀kùn níbẹ̀. Sọ́ńdè márùn-ún ló kù tí mo máa bá yín jókòó."

Ẹ̀rọ àǹtí mi dákẹ́. Aṣọ tó ń rán há sábẹ́ abẹ́rẹ́.

"Ẹranko wa ńkọ́?" Ẹ̀gbọ́n mi ló bèèrè.

"Òun gan-an ni mò ń sọ. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń fi ọmọrí ìkòkò gba ẹsẹ̀ ewúrẹ́. Mi ò ní kúrò ní àdúgbò yìí láìpa ẹranko yẹn. Ìjàngbọ̀n, ṣó o gbọ́?"

Èmi ni Ìjàngbọ̀n. Mo gbọ́ dáadáa.

Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, kí wọ́n tó jókòó, mo ti gbé gbogbo bọ́tìnì sókè. Gbàà! Ìpele kẹwàá! Mo ní òjò agbára ló rọ̀ lé wọn lórí lọ́jà. Mo fún àǹtí mi ní ìwé tí mo kọ agbára mọ́kànlélọ́gbọ̀n sí, mo sì gbé gbogbo wọn sọ sínú kànga.

Àǹtí mi gbé ìwé náà jìnnà sójú, ó tún gbé e súnmọ́. "Ìjàngbọ̀n, kí ni Ìyípadà Ńlá ń ṣe?"

"Ẹ dán an wò, Àǹtí."

Ó dán an wò. Bọ̀dá Káfíńtà di àpótí ìjókòó. Ẹranko wo àpótí náà, ó ní, "Ẹ ṣeun o, ẹsẹ̀ ti ń ro mí," ó bá jókòó lé e.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Bọ̀dá ò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó lọ síbi ògiri, ó sì fọwọ́ ara ẹ̀ gbé bọ́tìnì ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí ìpele kejì.

"Pákó tútù lo fi kan ilé fún mi yìí. Mi ò ṣiṣẹ́ ẹ̀, mi ò gbà á."

Ẹ̀rín kú sí mi lẹ́nu. "Àlá ni!" ni mo pariwo. "Bọ̀dá, àlá ni gbogbo yín lá! Ewúrẹ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jí yín!"

Bẹ́ẹ̀ la ṣe padà sí ìpele kejì, tó sì ku Sọ́ńdè mẹ́rin.

Lójú ọ̀nà ilé, ẹ̀gbọ́n mi fà mí létí. "O febi oògùn pa aláìsàn fún oṣù mẹ́jọ, o wá da tọjọ́ mẹ́wàá sí i lọ́nà ọ̀fun lẹ́ẹ̀kan. Ṣó o fẹ́ pa á ni? Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀! Kí wọ́n sì mọ iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe kí wọ́n tó gbà á."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Sọ́ńdè mẹ́ta, ìpele mẹ́ta, márùn-ún ni wọ́n máa dé kó tó di ọjọ́ ìjà. Ìpele kẹjọ ni ẹranko wà. Á jẹ wọ́n bí ẹ̀pà."

"Ìwọ lo bí ẹranko, lọ bá ọmọ ẹ sọ̀rọ̀."

Lọ́jọ́ kejì, mò ń fọ abọ́ ni ọgbọ́n já bọ́ sí mi lórí, abọ́ sì já bọ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò ṣa àfọ́kù. Mo sáré dé ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá Káfíńtà.

"Bọ̀dá, ẹ kan àkàbà kẹrin fún mi!"

"Fún ta ni?"

"Fún ẹranko! Òun náà lè sọ̀ kalẹ̀!"

Ó fa pákó kan yọ. Ó ní, "Gbé ayùn yẹn wá."

Òfin tuntun rèé: ní Sọ́ńdè kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ ńlá kan, tí mo máa sọ sílẹ̀ ká tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe é, wọ́n á gun ìpele kan, ẹranko á sọ ìpele kan kalẹ̀. Bí wọn ò bá ṣe é, kí kálukú jókòó síbi tó wà. Ẹni tó bá sì fẹ́ na ẹranko, ohun tí dáìsì wí pẹ̀lú ìpele ẹ̀ gbọ́dọ̀ tó méjìlá àti ìpele ẹranko.

Ẹ wo bí ṣọ́ọ̀bù ṣe gbóná! Sọ́ńdè àkọ́kọ́, ẹgbẹ̀rún èèrà ló ń ru oúnjẹ fún ẹranko. Àǹtí mi rán ṣòkòtò fún gbogbo wọn, ó sì rán ẹnu ẹsẹ̀ ṣòkòtò pa. Èèrà dùbúlẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Sọ́ńdè kejì, ẹ̀gbọ́n mi jí ìrọ̀rí tí ẹranko ò lè sùn láìsí, ó fi ìrẹsì sísè rọ́pò ẹ̀. Ẹranko jẹ ìrọ̀rí, kò sùn. Sọ́ńdè kẹta ni ti Bọ̀dá. Ó ní òun máa fi ilẹ̀kùn dé ẹnu kànga, kí ooru mú ẹranko títí ikùn méjì á fi fọn. Ó yàwòrán ilẹ̀kùn náà sórí ìwé, àti ìdè ẹ̀, àti kọ́kọ́rọ́. Ewúrẹ́ mi fẹ́ yọjú. Mo fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Dáìsì wí mẹ́rìnlá, Bọ̀dá fò sókè, orí ẹ̀ gbá gílóòbù.

Márùn-ún àwọn, márùn-ún ẹranko. Wọ́n pàdé láàárín.

Sọ́ńdè tó kẹ́yìn, ọkọ̀ tó máa gbé Bọ̀dá ti dúró níta, irinṣẹ́ ẹ̀ ti wà lẹ́yìn ọkọ̀, dẹ́rẹ́bà ń fọn fèrè. Nínú kànga, iná ń jó. Ẹranko gbé ẹ̀gbọ́n mi mì, ó sì pọ̀ ọ́ padà, ó ní ó ń rùn bí ọṣẹ ilé ìwòsàn. Ó wé àǹtí mi mọ́ inú aṣọ tí àǹtí mi fúnra ẹ̀ rán. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù lórí ìdúró.

"Bọ̀dá, dáìsì pẹ̀lú ìpele yín, mẹ́tàdínlógún lẹ nílò," mo ní. "Tí kò bá tó o, ó ti jẹ yín."

Fèrè ọkọ̀ dún. Bọ̀dá fẹ́ atẹ́gùn sí dáìsì, ó jù ú. Dáìsì gbá sísọ́ọ̀sì, ó ta, ó yí wọ abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Kí ẹnikẹ́ni tó mira, mo ti fàyà fà dé ibẹ̀.

Mo rí i. "Méjìlá!" ni mo ké.

"Irọ́!" Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sọ ọ́ pa pọ̀.

"Mo búra!"

"Ìwọ tó o ní odò ń bínú?" ni àǹtí mi wí. "Jáde ńbẹ̀! Má fọwọ́ kàn án!"

Ṣé ẹ rí ayé mi? Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo sọ òótọ́! Bọ̀dá di ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀rọ mú, ẹ̀gbọ́n mi di ìkejì mú, wọ́n gbé e kúrò nílẹ̀ wọ̀ọ̀. Àǹtí mi wọ gíláàsì ẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn títí ẹ̀rọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ àwọn tó gbé e.

"Màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́!" Bọ̀dá ti ń làágùn.

"Méjìlá," ni àǹtí mi wí.

"Méjìlá àti márùn-ún..." Ẹ̀gbọ́n mi ń fẹnu kà á. "Mẹ́tàdínlógún! Ó pé géérégé!"

Ariwo tá a pa, dẹ́rẹ́bà sáré wọlé, ó rò pé ẹ̀rọ já lé ẹnì kan lẹ́sẹ̀. Bọ̀dá ti gbé àǹtí mi kúrò nílẹ̀ pẹ̀lú gíláàsì. Mo ní ẹranko ṣubú, gbogbo ikùn méjèèje bẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì fi èyí tó kéré jù sọ̀rọ̀ pé, "Ẹ mà pẹ́ o."

Bọ̀dá fẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó ní òógùn ni.

Ó wá lọ síbi ògiri, ó yọ àkàbà tiẹ̀, ó bèèrè ayùn ẹ̀ lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà. Lórí tábìlì tí àǹtí mi fi ń gé aṣọ, ó rẹ́ àkàbà náà sí méjì lókè ìpele karùn-ún. Ó kan apá ìsàlẹ̀ padà mọ́ ògiri, bọ́tìnì ẹ̀ ṣì ń fì lórí ẹ̀.

"Èyí tí mo ti gùn, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀. Èyí tí mi ò tíì gùn, mò ń gbé e lọ."

"Àti èérún igi tó o dà sórí aṣọ oníbàárà mi ńkọ́?" Àǹtí mi ń pariwo, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Bọ̀dá ti wà nínú ọkọ̀. Ó na ìdajì àkàbà náà jáde lójú fèrèsé, ó ń fì í sí wa. Mo sáré tẹ̀ lé wọn títí dé ìkóríta, mò ń pariwo pé ewúrẹ́ ní kí n bá òun kí Bọ̀dá.