Ibùdókọ̀ Tó Wà Láàárín

Tíṣà fi ọwọ́ méjèèjì tẹ máàpù mọ́ orí tábìlì bí ẹni tó di ewúrẹ́ mú kó má baà já. Atẹ́gùn tó ń gba ojú fèrèsé wọlé ń gbé etí rẹ̀ sókè, òun náà ń tẹ̀ ẹ́ padà, kò sì jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ dìde lọ pa fèrèsé dé.

"Jókòó, kó o wò ó dáadáa," ló wí. "Ibí ni ọkọ̀ òkun ti máa gbé wa ní ìrọ̀lẹ́. Ṣé ká wá jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì láti àárọ̀, ká máa wo ara wa bí ère? A ó kó ẹrù wa dání, ọkọ̀ ojú irin la máa wọ̀ tí ilẹ̀ bá ti mọ́. Ìlú tí ọkọ̀ òkun wà yẹn, ìlú àtijọ́ ni. Èyí tá a máa lọ wò yìí tún jù ú lọ. Odi rẹ̀ ṣì wà lóòró. A ó gun orí odi, a ó wo ààfin, a ó sì ti padà dé kí ọkọ̀ òkun tó fọn fèrè."

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Aránṣọ ni obìnrin náà, ẹ̀yìn máṣíìnì ló sì ti lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ ayé rẹ̀. Aṣọ ìrìnàjò àwọn ẹlòmíràn ló ń rán. Òun fúnra rẹ̀ kò tíì rìn kọjá ibi tó ti ń ra òwú. Ó ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, àwọn ará ilé rẹ̀ sì ti dákẹ́ ọ̀rọ̀ ọkọ, nígbà tí Tíṣà gbé ṣòkòtò kan wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé kó bá òun gé e kúrú. Ó gé e. Ọkùnrin náà tún gbé òmíràn wá. Ó tún gbé òmíràn wá. Nígbà tó yá, Aránṣọ bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ṣòkòtò yín ló ń gùn ni, àbí ẹsẹ̀ yín ló ń kúrú?" Ẹ̀rín yẹn ló di ìfẹ́.

Tíṣà ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, ìtàn ìgbà láéláé ló sì fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé. Ó sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ pé òun ti fẹ́yàwó rí. "Mo pàdánù rẹ̀," ló wí. Aránṣọ kí i kú ọ̀ràn èèyàn, kò sì béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú egbò kọ́ lèèyàn ń fi ìka tẹ̀ wò.

"Apá òsì la máa jókòó sí," Tíṣà tún ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Òòrùn àárọ̀ kì í ta níbẹ̀. Àga apá ọ̀tún, kí èèyàn tó dé ọ̀hún, ojú rẹ̀ á ti pọ́n."

"Ẹ ti débẹ̀ rí ni?"

Pẹ́ńsùlù tó fi ń fa ìlà dúró lórí máàpù.

"Mo kà á ni."

Aránṣọ ń ronú irú ìwé tó ń kọ ibi tí òòrùn ń ta sí nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n ó gbé e mì bí ìgbà tí èèyàn bá gbé egungun ẹja mì, tó sì ń dúró wò ó bóyá ó ti lọ.

"Ibùdókọ̀ kékeré kan wà láàárín," ni Tíṣà wí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀ sí i. "Ọkọ̀ máa ń dúró díẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ń ta omi lórí pèpéle, lábẹ́ aago ńlá kan. Nígbà tá a bá ń padà bọ̀, ìwọ lo máa sọ̀ kalẹ̀ lọ rà á."

"Ṣé omi lásán? Ká kúkú gbé e dání láti hòtẹ́ẹ̀lì."

"Rárá!"

Ó ké mọ́ ọn bí ẹni ń ké mọ́ ọmọ kíláàsì. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. "Omi ibẹ̀ tutù ni."

Ara fu Aránṣọ. Tí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Kí ló wà nínú omi tútù tí àgbàlagbà fi ń pariwo?

Ibi tó ti ń rò ó ni ẹnìkan ti kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n Tíṣà lobìnrin ni, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tó sì máa ń wọlé bí ẹni tí wọ́n ní kó wá lé olè. Ó wọ́ àpótí onítáyà kan lẹ́yìn, tó fẹ́ yá wọn fún ìrìnàjò náà.

"Ẹ̀yin arìnrìnàjò! Ṣé ẹ mọ omi wẹ̀ ṣá? Torí èmi ò ní lọ bá ẹja du òkú ẹnikẹ́ni o!"

Ó fi àpótí ti ògiri, ó súnmọ́ tábìlì láti wá wo ohun tí wọ́n ń wò. Ó rí ìlà tí Tíṣà fi pẹ́ńsùlù fà láti ìlú kan dé èkejì. Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀.

"Ìlú yìí náà ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́."

"Ọ̀nà yẹn kan náà?"

"Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

Nọ́ọ̀sì wo àbúrò rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Aránṣọ. "Ìyàwó, wá fún mi lómi mu."

Nínú ilé ìdáná, kò gba ife tí Aránṣọ nà sí i. Ẹ̀rọ omi ló ṣí, ó jẹ́ kó máa dà sínú agbada ìfọwọ́ kí ariwo rẹ̀ lè bo ohùn òun.

"Kí ni àbúrò mi sọ fún ọ nípa ẹni tó wà nílé yìí kó o tó dé?"

"Ó ní òun pàdánù rẹ̀."

"Kí ni ìwọ wá gbọ́?"

"Pé ó kú ni, Àǹtí. Kí ni mo tún máa gbọ́?"

"Kò sẹ́ni tó rí òkú rẹ̀." Nọ́ọ̀sì nu ọwọ́ tí kò tutù mọ́ aṣọ. "Ó sọnù ni."

Ó rò ó fún un ní ṣókí. Ọ̀nà yẹn kan náà ni tọkọtaya yẹn gbà lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ wọ ọkọ̀ òkun. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, ní ibùdókọ̀ tó wà láàárín, obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀ lọ ra omi. Ọkọ̀ gbéra, kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó ń ta omi rántí rẹ̀ dáadáa: ó ra omi, ó sanwó, ó dúpẹ́. Láti ìgbà náà, ojú kankan kò tún rí i. Àwọn ọlọ́pàá tú igbó tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀, wọ́n wá inú odò, wọ́n lẹ àwòrán rẹ̀ káàkiri títí òjò fi fọ ojú rẹ̀ dànù lára ògiri. Nígbà tí ọdún gorí ọdún, ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n kà á kún òkú.

"Wọ́n fi ìbéèrè dá àbúrò mi lágara," Nọ́ọ̀sì wí. "Mo mọ̀ ọ́n, Ìyàwó. Kò lè pa adìyẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ni. Àmọ́…"

"Àmọ́ kí ni, Àǹtí?"

"Àmọ́ ó wọ ọkọ̀ òkun náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ní òun rò pé ìyàwó òun máa wọ ọkọ̀ ojú irin tó tẹ̀lé e, pé á wá bá òun níbẹ̀. Ọkọ̀ òkun gbéra, ó wà nínú rẹ̀."

Ó pa ẹ̀rọ omi. Kò padà sí pálọ̀. Ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ sílé rẹ̀, kò dágbére fún àbúrò rẹ̀.

Nígbà tí Aránṣọ padà sí pálọ̀, ojú ọjọ́ ti ṣú. Tíṣà ti fúnra rẹ̀ pa fèrèsé dé. Máàpù náà tẹ́jú pẹrẹsẹ níwájú rẹ̀.

"Ó ti sọ fún ọ."

"Ó ti sọ fún mi."

"Ó dára bẹ́ẹ̀." Ó fa àga fún un, ó jókòó sí iwájú rẹ̀, bí olùkọ́ tó fẹ́ ṣàlàyé ohun tó rọrùn. "Nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀ kí n tó kú. Kí èèyàn sọ̀ kalẹ̀, kó ra omi, kó padà kí ọkọ̀ tó gbéra, ṣé àyè wà? Tí àyè ò bá sí, a jẹ́ pé ọkọ̀ ló fi í sílẹ̀, tí aburú wá bá a lẹ́yìn náà. Mo lè fara da ìyẹn. Àmọ́ tí àyè bá wà…"

Ó fi pẹ́ńsùlù yí ibùdókọ̀ náà ká.

"Ẹ̀yin náà lẹ́sẹ̀, Tíṣà. Ẹ ò ṣe lọ sọ̀ kalẹ̀ fúnra yín?"

"Ẹsẹ̀ tèmi kọ́. Obìnrin náà ga tó ọ gẹ́lẹ́. Bó o ṣe ń rìn ló ṣe ń rìn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ọ tó o dìde lẹ́yìn máṣíìnì, tó o rìn lọ mú sísọ́ọ̀sì, àyà mi já."

Aránṣọ wá rántí. Gbogbo ṣòkòtò yẹn. Gbogbo ìgbà tó ní kí òun rìn lọ, kí òun rìn bọ̀, kí òun bá a mú okùn ìdiwọ̀n aṣọ wá láti orí pẹpẹ ọ̀hún. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ lóòótọ́.

"Tí ọkọ̀ bá fi èmi náà sílẹ̀ ńkọ́?"

"Kò ní fi ọ́ sílẹ̀."

"Tó bá fi mí sílẹ̀?"

Tíṣà rò ó díẹ̀. Kò sí ìkà kankan lójú rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló bani lẹ́rù. "Wàá wọ èyí tó tẹ̀lé e. Màá dúró dè ọ́ nínú ọkọ̀ òkun."

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán lórí páànù ilé kejì.

"Lọ́jọ́ yẹn," Aránṣọ wí jẹ́jẹ́, "nígbà tẹ́ ẹ rí i pé ọkọ̀ ti ń yí, kí ló dé tẹ́ ẹ ò bẹ́ sílẹ̀?"

Ọkùnrin náà gbójú sókè, ó jọ pé àwọn ọlọ́pàá ò béèrè ìyẹn rí.

"Ẹrù wà lọ́dọ̀ mi," ló wí. "Ta ni ǹ bá fi ẹrù sílẹ̀ fún?"

Láti ìgbà tó ti ké mọ́ ọn ni ẹ̀rù ọkọ rẹ̀ ti ń ba Aránṣọ. Láti ilé ìdáná, ẹ̀rù ibùdókọ̀ yẹn tún kún un, bí ẹni pé ilẹ̀ ibẹ̀ ń gbé obìnrin mì. Ṣùgbọ́n bí Tíṣà ti sọ gbólóhùn ẹrù yìí, ó rí obìnrin tó sọnù náà kedere, bí ìgbà tó bá dúró síwájú òun fún ìwọ̀n. Ó dúró lórí pèpéle, omi tútù lọ́wọ́ rẹ̀. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Fèrè kò tíì dún. Ó gbójú sókè sí fèrèsé apá òsì, ó rí ọkọ rẹ̀ níbẹ̀ tó na ọwọ́ méjèèjì lé àwọn àpótí, tó ń wo aago. Kò wo ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà sì dúró, atẹ́gùn ń fẹ́ sí i lára, kò sáré, kò pariwo, títí ilẹ̀kùn fi pa dé.

Àyè wà. Àyè pọ̀ níbẹ̀.

Tíṣà tẹ̀ síwájú lórí àga, ó ń wo ẹnu rẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé tó ń retí èsì ìdánwò. "Kí lo rò? Ìwọ obìnrin, kí lo rò? Ṣé o rò pé àyè wà?"

Aránṣọ wo irun funfun tó wà ní ẹ̀bá etí rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀ lórí máàpù.

"Mi ò mọ̀ o," ló wí.

Irọ́ àkọ́kọ́ tó pa fún ọkọ rẹ̀ nìyẹn. Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé kò ṣòro rárá.