Wákàtí Mẹ́ta Ààbọ̀ Láti Kánò

Ọgbọ́n Síkírù ti pọ̀ jù, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Ọdún kẹta rèé tó ti ń ru ẹrù ní pápá bààlúù Ìkejà. Kò wọ bààlúù rí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í bí Kánò ti jìnnà tó, á ní ó lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta máìlì, wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ lójú òfurufú, bí ẹni tó ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n.

Bàbá rẹ̀, Suara olóbì, kú ní Agége ní ìdájí. Kó tó kú, ó di Síkírù lọ́wọ́ mú. "Nùréènì ni kó tẹ́ mi sínú sàréè. Mo lé e nílé láìṣẹ̀. Jẹ́ kó mọ̀ pé mo pè é."

Nùréènì ni ẹ̀gbọ́n Síkírù, pápá bààlúù Kánò lòun náà ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n tẹ wáyà sí i, èsì sì yá: bààlúù aago mẹ́wàá ló ń bá bọ̀.

Ààfáà Dàwódù ò fẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, a kì í fárí lẹ́yìn olórí," Síkírù bẹ̀ wọ́n. "Bí bààlúù bá ti kọjá lórí òrùlé yìí, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni màá fi gbé ẹ̀gbọ́n mi dé. Bí ẹ ò bá rí wa, wọn ò wá nìyẹn. Kẹ́ ẹ sin bàbá."

Láti aago kan ni ara Síkírù ò ti balẹ̀ ní pápá. Ó tẹ táyà kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wò, ó rìn lọ, ó padà wá tún un tẹ̀. Gbogbo ẹyẹ tó fò ló ń pè ní bààlúù. Aago kan ààbọ̀ géérégé, bààlúù Kánò balẹ̀. Nùréènì sọ̀kalẹ̀ láìmú ẹrù kankan, àbúrò gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó di eré.

"Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n dárúkọ mi?" Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Nùréènì bi í.

Ó ku díẹ̀ kí wọ́n délé, wọ́n bá géètì reluwé ní títì. Ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù gígùn kan dúró gbagidi sójú ọ̀nà, wọ́n ń kó obì sí i, Kánò ló ń lọ. Síkírù rí agbọ̀n bàbá wọn níbẹ̀. Òun ló bá a dì wọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó wo aago, ó rìn síwá sẹ́yìn, ó tún wò ó. Nùréènì bẹ̀rẹ̀ láti rá gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá, irin dún, Síkírù fà á padà. Nígbà tí ọkọ̀ lọ tán, àádọ́ta ìṣẹ́jú ti kọjá láti ìgbà tí bààlúù ti balẹ̀.

Wọ́n bá àwọn èèyàn tí wọ́n ń fọ yẹ̀pẹ̀ kúrò lọ́wọ́.

"A gbọ́ bààlúù," Ààfáà ní. "Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pé, mo tún fi mẹ́wàá lé e. A ní kò wá."

Nùréènì kúnlẹ̀ ti sàréè, ó gbé ọwọ́ lé iyẹ̀pẹ̀ tútù náà.

"Síkírù, ṣé wọ́n mọ̀ pé mo ń bọ̀?"

Èsì wáyà láti Kánò dé lẹ́yìn tí bàbá ti dákẹ́. Síkírù ò lè wò ó lójú.